Ajá kejì: ẹ bi ìyálé léèrè kẹ́ ẹ tó mú ìyàwó wálé

Tanímọ̀la lorúkọ ajá mi àkọ́kọ́. Abo ni. Ìyá ẹ̀ jẹ́ ajá ilé wa gan-an, irú èyí táwọn ọmọ ìgboro ń pè ní ẹkùkẹ́, bàbá ẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ German Shepherd díẹ̀ lára, ìyẹn ló fà á tí etí ẹ̀ kan fi nà ró tí èkejì sì wó lulẹ̀. Ọdún mẹ́ta lòun nìkan fi wà pẹ̀lú wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó mọ ìró ọ̀kadà mi yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ó mọ ìyá tó ń kiri búrẹ́dì, kì í gbó o, ara ẹ̀ yá, oúnjẹ ẹ̀ ń pé. Èmi ni mo dédé jókòó lọ́jọ́ kan tí mo ní áà, ajá yìí dá wà jù, ẹ jẹ́ n wá ẹnì kejì fún un. Kò rán mi níṣẹ́ o.

Mo lọ ra ọmọ ajá kan lọ́jà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, akọ, ikùn ẹ̀ rí rogodo, mo rò pé ó ń jẹun dáadáa ni, àṣé aràn ló kún inú ẹ̀. Mo gbé e wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Tanímọ̀la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ ẹ̀, mo wá dúró mò ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ ya fídíò. Tanímọ̀la ò bù ú jẹ, àmọ́ ó gbó mọ́ ọn tọ́mọ náà fi tọ̀ sára. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún ọmọ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé, ọjọ́ keje ó kú. Parvo ni dókítà ẹranko pè é. Tanímọ̀la bọ́ torí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ pé, àmọ́ ó lé lóṣù kan kó tó tún sún mọ́ ibi tí mo ti tẹ́ àpò fún ọmọ yẹn.

Ìgbà tí mo wá ro ó, gbogbo ìbéèrè tí mo béèrè kí n tó ra ajá yẹn, tèmi ni. Èmi fẹ́ akọ. Èmi fẹ́ kékeré torí kékeré ló wuni. Owó tèmi tó o. Mi ò béèrè nǹkan kan nípa ẹni tó máa bá a gbélé. Ẹ wò ó, bíi ká fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó lọ̀rọ̀ yìí rí, àwa á jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àwọn méjèèjì ló máa jọ wà nínú àgbàlá dìrọ̀lẹ́, ìyálé ló yẹ ká fọ̀rọ̀ lọ̀. (Ìyàwó mi ka ibí yìí, ó wò mí títí, ó ní ṣé ajá nìkan lò ń sọ báyìí? Ajá nìkan ni o.) Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ojú ajá tẹ́ ẹ ti ní nílé ni kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyálé wò

Ẹ jẹ́ kí ajá àkọ́kọ́ pé ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kẹ́ ẹ tó ronú ìkejì. Ìdí ni pé ajá tuntun máa ń wo tàtijọ́ kọ́ ìwà. Tí tàtijọ́ bá ń jẹ́ ìpè, tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, tí kì í fo fẹ́nsì, ìkejì á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló máa ń fa bàtà àlejò ya, tó ń lé ọ̀kadà, tó ń jí ẹja nínú ìkòkò, àbúrò ẹ̀ á gbà á lẹ́nu ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa wá ní ajá méjì tó ń lé ọ̀kadà kan ṣoṣo. Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé àwọn fẹ́ mú ìkejì wá kí tàkọ́kọ́ lè fara balẹ̀. Irọ́ ni jàre. Ajá tó ń hùwà burúkú torí pé orí ṣéènì ló wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣéènì yẹn lẹ máa tú, kẹ́ ẹ máa mú un rìn, ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́, ẹ ṣe é fún oṣù kan kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa yí padà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má wá ìkejì mọ́ rárá.

Èyí tó ti darúgbó ńkọ́? Tó bá ti ń ṣòro fún un láti dìde, tí ìbàdí ń dùn ún, ẹ má gbé ọmọ ajá lé e lórí. Ọmọ ajá ò mọ àgbà, á máa fà á létí, á máa fò gùn ún lẹ́yìn títí arúgbó á fi bínú gé e jẹ, ẹ̀yin á wá na arúgbó. Ajá tó ti dàgbà tó ti tutù ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúkú fi bàbá sílẹ̀ kó jẹ ọjọ́ alẹ́ ẹ̀ ní àlàáfíà.

Bí ẹ ṣe máa bi í léèrè rèé, torí ajá ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ wá ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tó ní ajá tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, ẹ jọ mú wọn rìn ní pápá, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú akọ, pẹ̀lú abo, pẹ̀lú ńlá, pẹ̀lú kékeré tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ máa wo ara ẹ̀. Tí ara bá rọ̀, tí ìrù ń jù tí ìdí náà ń bá a jù, tó bá tẹ àyà mọ́lẹ̀ tí ìdí wà lókè bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọba àmọ́ tí ìdọ̀bálẹ̀ ò délẹ̀, eré ló ń pe ẹnì kejì sí. Tí ara bá le gbagidi, tí ẹnu pa dé, tí ìrù gan sókè tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tó tẹjú mọ́ ẹnì kejì tí ò ṣẹ́jú, ẹ fà á kúrò níbẹ̀ kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo ìrù tó bá ti ń mì, inú ajá yẹn ló ń dùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tanímọ̀la fi hàn mí pé òun ò fẹ́ rí abo kankan lágbègbè òun, òun ò sì gba ti ọmọ kékeré tó ń fò mọ́ni, àmọ́ akọ tó ti dàgbà tó sì mọ ìwọ̀n ara ẹ̀, wọ́n á gbóòórùn ara wọn, kálukú á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ká ní mo ti ṣe èyí kí n tó lọ sọ́jà ni.

Ti owó ò gùn. Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú mọ owó ná, a sì mọ̀ ọ́n ṣírò, ẹ mú bírò, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ná lórí ajá kan láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, oúnjẹ, oògùn aràn, oògùn eégbọn, abẹ́rẹ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ò tíì le. Ibi tó ti máa ń le ni ọjọ́ táwọn méjèèjì bá jọ dùbúlẹ̀, torí tí ibà eégbọn bá fi lè mú ọ̀kan, eégbọn ti wà lára ìkejì náà nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ ilé rẹ́ǹtì lẹ wà, ẹ sọ fún lándílọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó mú un dé, ajá kan lè jẹ́ ti ká fi lé olè, ajá méjì ni wọ́n máa ń pè ní ariwo.

Irú èwo?

Tí tilé bá jẹ́ abo, ẹ wá akọ, tó bá jẹ́ akọ, ẹ wá abo. Akọ méjì lè gbé pọ̀ o, pàápàá tí wọ́n bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, àmọ́ abo méjì tó bá ti kọ ara wọn, ìjà wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Akọ máa ń pariwo kí wọ́n sì tú ká. Abo máa ń dá ọgbẹ́ síra wọn lára, á sì máa rántí. Ìjà orogún gan-an.

Àmọ́ akọ àti abo nínú àgbàlá kan, ẹ mọ ohun tó ń bọ̀. Abo máa ń wá akọ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oyún ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ajá méjì ti di mẹ́sàn-án. Ajá ò sì mọ ìyekan, ọmọ á gun ìyá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gun àbúrò. Ẹ tẹ akọ lọ́dàá tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí dókítà yọ ilé ọmọ abo. Dókítà ẹranko ni kó ṣe é o, pẹ̀lú oògùn tó ń múni sùn, kì í ṣe bàbá tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá ládùúgbò. Tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ akọ lọ́dàá, ẹ má tíì sùn àsùnpiyè, ó ṣì lè fún abo lóyún títí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ìwọ̀n ara náà ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn lé lọ. Boerboel akọ tó ti dàgbà lè wọn ju kílò 60 lọ, Lhasa Apso ò ju bíi kílò mẹ́jọ. Kò ní jẹ́ ìjà ló máa pa kékeré o, eré ni. Ńlá á kàn gbé ẹsẹ̀ lé e lẹ́yìn, egungun ti dá. Ajá Caucasian tí irun ẹ̀ kì jìngbìnnì yẹn, mi ò lè ní kẹ́ni má rà á, owó yín ni, àmọ́ ẹ ro oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta níbí, ẹ ro iná tí kì í sí kẹ́ ẹ tó sọ pé fáànù á máa fẹ́ sí i. Ajá ilé wa ò nílò gbogbo ìyẹn, irun ẹ̀ kúrú, oúnjẹ ẹ̀ ò le, ó mọ ojú, ó mọ etí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì wá lọ́nà ni pé ajá ìbílẹ̀ kì í ṣàìsàn. Parvo ò mọ ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí òyìnbó, dìgbòlugi ò mọ̀ ọ́n.

Kékeré àbí àgbà? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kékeré, kó má dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó gbà á lẹ́nu ọmú, torí lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ bí ló ti ń kọ́ pé téèyàn bá géni jẹ jù, wọn ò ní báni ṣeré mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bí 14 ni ọmọ ajá ń kọ́ ohun tí kò yẹ kóun bẹ̀rù, ìró jẹnẹrétọ̀, ọmọdé, àgbò Iléyá. Ẹ má ra ọmọ ìyá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn nìkan ni wọ́n máa mọ̀, wọn ò ní gbọ́ tiyín. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ kì í sí nílé lọ́sàn-án, ojú tèmi ni pé kẹ́ ẹ mú èyí tó ti tó ọdún kan sí mẹ́ta. Ẹ ti rí bó ṣe tóbi tó, ẹ ti rí ìwà ẹ̀, kò sí ẹ̀tàn ńbẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi mú àgbà nígbà kejì. Kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè tó ọdún kan, àgbàlá mi sì ti ní in. Ọmọ ajá kankan tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò tíì pé ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i

Ẹ má ra ajá tẹ́ ẹ ò rí ilé tó ti jáde. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá ẹ̀ hàn yín, tí ìyá bá ń gbọ̀n tó ń sá tàbí tó fẹ́ jẹ yín tán, ọmọ ò ní jìnnà síbẹ̀. Ẹ la ẹnu ọmọ ajá, kí ẹran ìdí eyín ẹ̀ pọ́n díẹ̀, kó má funfun, ẹ wo ojú àti imú bóyá ó ń ṣe ìpín, ẹ gbé ìrù ẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ tú irun ọrùn àti inú etí wò fún eégbọn, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó gbọ́. Ikùn rogodo lára ọmọ tó rù, ẹ ti mọ ìyẹn lọ́dọ̀ mi. Tó bá jẹ́ àgbà, ẹ wo ojú ara ẹ̀, akọ tàbí abo, tí kókó bá wà níbẹ̀ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, ẹ dúró ná, irú jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń ràn láti ara ajá kan sí èkejì tí wọ́n bá gun ara wọn, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń rìn kiri. Ó ní ìwòsàn, àmọ́ ẹ má mú un wọlé bẹ́ẹ̀.

Káàdì abẹ́rẹ́: ẹnikẹ́ni lè fi bírò kọ déètì. Ẹ wá èyí tí wọ́n lẹ ìwé ara ìgò abẹ́rẹ́ mọ́, tó ní nọ́ńbà, pẹ̀lú sítáǹpù àti fóònù dókítà, kẹ́ ẹ sì pe fóònù yẹn. Ẹ má ra ajá lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú lálẹ́ tí kò lè sọ orúkọ tí ajá ń jẹ́, ajá olówó ni wọ́n jí, tí ọdún Ògún bá sì ti ń sún mọ́lé, kí ẹ̀yin náà ti géètì yín.

Èyí tí mo rí, ọ̀dọ̀ bàbá ọdẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ajá náà tó ọmọ ọdún méjì, pupa, ẹ̀rù ìbọn ń bà á, ẹ ò rí nǹkan, ajá ọdẹ tí ò fẹ́ gbọ́ ìbọn, bàbá ní kò wúlò fóun. Mo ní èmi kì í yìnbọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdé kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ má mú tuntun wá bá tàtijọ́ nílé, ẹ má mú tàtijọ́ lọ bá tuntun nílé ẹ̀. Ibi tí kì í ṣe ti ẹnì kankan ni, pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sunday dáa. Ti àgbà tí káàdì ẹ̀ pé ni mò ń sọ o, ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò tíì pé, ẹ gbé e lọ́wọ́, kó má tẹlẹ̀ níbi tí ajá ìgboro ń gbà.

Ènìyàn méjì, ajá méjì, okùn méjì. Okùn ni, ẹ má lo ṣéènì wúwo. Ẹ fi bíi mítà mẹ́wàá síra yín, kẹ́ ẹ máa rìn lọ sí ibì kan náà bí ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lọ sóde, kì í ṣe kẹ́ ẹ kọjú síra. Ojúkojú ni ìjà ajá fi ń bẹ̀rẹ̀. Okùn ò gbọdọ̀ le, torí tẹ́ ẹ bá ń fà á, ajá á rò pé ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà. Tí àwọn méjèèjì bá ń gbóòórùn koríko, tí wọ́n ń wo ibòmíì, ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ tún rìn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ara wọn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ẹ pè wọ́n padà, ẹ yìn wọ́n, ẹ tún ṣe é. Kí ajá máa yán láìsí oorun, kó máa lá ètè láìsí oúnjẹ, ìyẹn ni pé ara ò tíì rọ̀ ọ́, ẹ fún un láyè. Ẹ lọ sílé. Ẹ tún padà lọ́jọ́ kejì. Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́ẹ̀mẹta torí ajá tí ẹlòmíì máa fi àpò gbé wálé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó mi ní epo ọkọ̀ ti ju owó ajá lọ. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí kò dùn

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ sanwó, wọn ò tíì máa gbé pọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀yìnkùlé, bọ́ìsì kọ́tà, ibikíbi tí ilẹ̀kùn wà. Àwo ẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbálẹ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀, bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀ débẹ̀ lọ́tọ̀. Tàtijọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá tuntun, kì í ṣe torí ipò nìkan, torí kẹ́ ẹ má baà fọwọ́ kó àìsàn wá fún un ni. Parvo sábà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fi mọ̀ pé mẹ́rìnlá bọ́gbọ́n mu nìyẹn. Tí àìsàn yẹn bá ti wọ ilé yín rí, ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò tó máa ń funfun nínú omi yẹn kì í sábà pa á. Bleach ló ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ po ife bleach kan mọ́ ife omi bí 20, ẹ dà á sí sìmẹ́ǹtì, kó wà ńbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ṣàn án. Inú iyẹ̀pẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kí dókítà ẹranko ti rí i. Oògùn aràn, oògùn eégbọn, àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí kò bá tíì gbà á. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti ń gba ti dìgbòlugi, ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Ti parvo àti distemper (àìsàn ajá míì tó ń ràn), láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí á fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ̀ẹ̀kan péré ò tó, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ wa jẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá le ju agbára dókítà àdúgbò lọ, ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta, ti yunifásítì Ìbàdàn náà wà, láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ẹ lè dé èyíkéyìí láàárọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí dìgbòlugi torí ọmọ wà nílé. Tí ajá èyíkéyìí bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, tiyín o, tàlejò o, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má ge irun ajá jó sí i. Ẹ má pa ajá yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ dè é, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí dókítà ẹranko gbọ́. Dìgbòlugi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, ikú ló ń já sí.

Nínú ilé

Ẹ má yan ọ̀sẹ̀ tí ilé kún. Ìwọ̀nyí tí wọ́n ń gbé ajá tuntun wọlé nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Ojúde Ọba ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹbí ti dé láti Èkó, ìbọn ń dún, ẹṣin ń kọjá, mi ò mọ ohun tí wọ́n rò.

Tàtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ gba gbogbo nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ kí i tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ ẹ̀ kalẹ̀, ibi tó ń sùn sí, ẹ má fún tuntun. Àwo méjì, igun méjì, kí wọ́n má rí ara wọn tí wọ́n bá ń jẹun, kẹ́ ẹ sì kó àwo kúrò nílẹ̀ tí wọ́n bá jẹ tán. Egungun àti bọ́ọ̀lù, ẹ kó gbogbo ẹ̀ pa mọ́ fún oṣù kan. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ egungun, egungun adìẹ sísè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun, ẹ yé fún wọn, àti ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà kún inú ẹ̀, ẹ yé dà á sórí ẹ̀bà wọn.

Tí tàtijọ́ bá kùn mọ́ tuntun, ẹ má nà án. Kíkùn yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó ń sọ pé "sún sẹ́yìn". Tẹ́ ẹ bá fìyà jẹ ẹ́ torí ó kùn, lọ́jọ́ míì kò ní kùn mọ́, á kàn gé e jẹ ni. Tí tuntun bá gbọ́ tó sún sẹ́yìn, wọ́n ti ń yé ara wọn. Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láwọn nìkan fún oṣù kan ó kéré tán, tẹ́ ẹ bá ń jáde, ilẹ̀kùn láàárín wọn. Ẹ má so wọ́n mọ́lẹ̀ níbi tí ṣéènì méjèèjì ti lè kan ara wọn, ó máa lọ́ pọ̀, wọ́n á rò pé ẹnì kejì ló di àwọn mú.

Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tán, ẹ má kiwọ́ bọ àárín, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń pàdánù ìka. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lórí wọn, tàbí ẹ fi ìkòkò àti ọmọrí pariwo, tàbí pákó fẹ̀ẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Tí kò bá gbọ́, èèyàn méjì, kálukú gbá ajá tiẹ̀ mú ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fà sẹ́yìn bí ìgbà téèyàn ń fa bárò, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yà wọ́n dọjọ́ kejì, ẹ tún padà sí pápá.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ó lè má jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mọ àkókò ilé, ìwà ẹ̀ gan-an á wá jáde. Oṣù mẹ́ta, ó ti di ọmọ ilé. Tiwa bì sí mi lẹ́sẹ̀ kí a tó dé ìlú Òru torí kò wọ mọ́tò rí, ọjọ́ méjì kò fi jẹun, ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kìíní sùn sẹ́yìn tánkì omi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo jí láàárọ̀ tí mo rí Tanímọ̀la tó gbórí lé e lẹ́yìn. Mi ò ya fídíò.

Ó ku orúkọ. Ẹ má jẹ́ kí tuntun jọ ti tàtijọ́, tí ọ̀kan bá ń jẹ́ Bíńgò tí ìkejì ń jẹ́ Díńgò, àwọn méjèèjì á máa dáhùn tàbí kí ẹnì kankan má dáhùn. Ìró ìbẹ̀rẹ̀ ni kó yàtọ̀, kó kúrú lẹ́nu. Èmi sọ tèmi ní Kòsẹ́ni. Tí mo bá wá dúró lẹ́nu géètì lálẹ́ tí mo ń pariwo "Tanímọ̀la! Kòsẹ́ni!", bàbá tó wà ní fẹ́nsì kejì máa ń dáhùn látinú yàrá ẹ̀ pé, "Ọlọ́run nìkan ni, ẹ jẹ́ ká sùn."